Ẹ̀tù Ìfọ̀

Ní ìjẹta, nígbà tí wọ́n mú iná lọ, ọ̀kan nínú yín fa okùn jẹnẹrétọ̀. Ó fà á títí, kò dún. Ó nàró, ó nu òógùn ojú, ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀ jàre, ẹ̀tù Ìfọ̀ ni." Gbogbo yín rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí bí àgbà bá nìkan dákẹ́ láàárín ẹ̀rín, wọn yóò bi í léèrè ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n láti ìjẹta náà ni ọ̀rọ̀ yẹn ti há mi lọ́fun bí egungun ẹja.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Ọkọ̀ tí kò ṣí, ẹ̀tù Ìfọ̀. Ìṣáná tó rin, ẹ̀tù Ìfọ̀. Ọkùnrin tó ní òun ń bọ̀ wá fẹ́ obìnrin tí kò sì wá mọ́, ẹ̀tù Ìfọ̀. Ẹ kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, n kò sì lè dá yín lẹ́bi. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ti kú tán, ó ku èmi. Ẹ jókòó. Ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀.

Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Lónìí, bí ìbọn bá dún ní Mowe, ẹ ó dojú bolẹ̀, ẹ ó ti ilẹ̀kùn, ẹ ó máa pe ara yín pé ṣé kò sí. Ìbọn òní, ènìyàn ló ń wá kiri. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, bí ìbọn bá dún, ńṣe ni à ń sáré lọ síbẹ̀. Ẹyọ ìró kan lọ́sàn-án láti inú igbó túmọ̀ sí pé ọdẹ kan ti pa ẹran. Àwọn tó wà lóko tó súnmọ́ ibẹ̀ yóò mú ọ̀bẹ àti agbọ̀n, wọn yóò dojú kọ ibi tí ìró ti wá. Ẹni tó bá dé kí wọ́n tó kun ẹran tán, ó ní ìpín, ìbáà jẹ́ ìfun. Ẹnikẹ́ni kì í bi í pé ọmọ ta ni. Àwọn àgbà a máa ní, "Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ." Wọ́n ń wí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń pín in.

A mọ ìbọn nípa ìró rẹ̀. Ṣakabùlà a dún gbòlà, igbó a sì dá a lóhùn. Ìbọn oníkàtíríìjì a dún tàù, ohùn rẹ̀ gbẹ, bí ìgbà tí ẹ̀ka igi bá ṣẹ́. Mo lè jókòó síwájú ilé yìí kí n sọ pé Bàbá Ọdẹ́tọ́lá ló yin èyí, nítorí ẹ̀tù tí òun ń kì máa ń kéré sí ti àwọn yòókù. Ó ní ẹran tí ẹ̀tù kékeré kò bá lè pa, kí ó máa lọ, ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé. N kò sọ pé ayé ìgbà náà dára ju tòní lọ. Omi jìnnà, àwọn ọmọdé ń kú lọ́wọ́ àìsàn tí abẹ́rẹ́ kan ń wò lónìí. Mo kàn ń sọ pé etí wa ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Báyìí, láàárín àwọn ọkọ̀ àjàgbé orí márosẹ̀ àti gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́rin, n kì í gbọ́ bí ẹ bá pè mí láti yàrá.

Bàbá Ọdẹ́tọ́lá yìí ni olórí àwa ọdẹ Mowe. Nígbà tí bàbá mi kú, òun ló mú mi wọ igbó, òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń fi ẹsẹ̀ tẹ ewé gbígbẹ tí kò fi ní dún. Kò bí ọmọkùnrin. Ìyàwó kan ṣoṣo ló wà nílé rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà. Bí ìbọn bá ti dún báyìí, Ìyá Àgbà ti gbé àwo amọ̀ rẹ̀, ó ti ń lọ, bí ẹni pé ìró náà ló gbé àwo lé e lọ́wọ́.

Ẹgbẹ́ ọdẹ wa ní àṣà kan tí n kò rí níbòmíràn, bó tilẹ̀ lè jẹ́ pé ó wà tí n kò mọ̀. Bí ọdẹ kan bá pa ẹran ńlá, kí ó tó gbé itan rẹ̀ wọlé, yóò wọn ẹ̀tù tó kún ìkarahun ìgbín kékeré kan, yóò dà á sínú akèrègbè kan tó jẹ́ ti gbogbo wa. Ẹ̀tù ìsìnkú là ń pè é. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi í pa ẹran. Ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wa bá kú ni à ń bù nínú rẹ̀: ìbọn mẹ́ta fún ọdẹ, méje fún olórí. Wọ́n ní ìró náà ló ń sọ fún àwọn ọdẹ tó ti lọ pé ọ̀kan nínú wọn ń bọ̀, kí wọ́n wá pàdé rẹ̀ lọ́nà. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni, bóyá bẹ́ẹ̀ kọ́, n kò tíì dé ibẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Bàbá gbà á gbọ́. Lọ́jọ́ tó gbé akèrègbè náà lé mi lọ́wọ́ pé kí n máa tọ́jú rẹ̀, ó ní:

"Ọmọ mi, ẹlòmíràn ní ọmọkùnrin tí yóò pe orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Méje yẹn ni ọmọkùnrin tèmi."

Mo ní, "Bàbá, ẹ ó pẹ́ láyé."

"Bí mo bá pẹ́, akèrègbè á kún sí i. Gbé e lọ. Ọwọ́ rẹ kì í yá sí nǹkan onínǹkan."

Ìfọ̀ la ti ń ra ẹ̀tù. N óò gun kẹ̀kẹ́ gba ọ̀nà igbó dé Àgbàdo, n óò fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìbátan mi kan, n óò wọ rélùwéè. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní Ìfọ̀, obìnrin kan wà tí à ń pè ní Ìyá Rálíátù. Iyọ̀, káún àti ìṣáná ló wà lórí àtẹ rẹ̀. Ẹ̀tù àti ọta wà nínú àpótí lábẹ́ ìjókòó rẹ̀, agolo tòmátò kékeré ló fi ń wọ̀n ọ́n. Kì í ta ẹ̀tù láìdán an wò lójú ẹni tó fẹ́ rà á. Yóò bu díẹ̀ sórí òkúta pẹlẹbẹ kan, yóò fi ẹ̀yinná kàn án, fùù, yóò sì ní kí o fi ìka nu òkúta náà.

"Kí lo rí?"

"N kò rí nǹkan kan, Ìyá."

"Ẹ̀tù tó dáa kì í fi eérú sílẹ̀. Bó o bá rí eérú, má san owó. Ó yá, ọkọ mi, kó owó wá, kì í ṣe ojú lo máa fi rà á."

Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí ni ẹ̀tù bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n. Ohun tí wọ́n sọ fún wa ni pé ìjọba kò fẹ́ kí ohun ìjà pọ̀ lọ́wọ́ ará ìlú. N kò rí ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí, ṣùgbọ́n mo rí ohun tó dá sílẹ̀. Kàtíríìjì di ohun tí ẹni tó ní láísẹ́ǹsì nìkan lè rà, àwọn tó ń yin oníkàtíríìjì bá padà sí ṣakabùlà, gbogbo wa wá pàdé nídìí àpótí Ìyá Rálíátù. Kò pẹ́ sí i ni katapílà dé. Wọ́n ń la ọ̀nà márosẹ̀ tí ẹ ń gbọ́ ariwo rẹ̀ yìí. Àwọn òṣìṣẹ́ pọ̀ nínú àgọ́ wọn ní Ibafo, wọ́n ń gba owó oṣù, wọ́n sì fẹ́ràn ẹran ìgbẹ́. Ẹni tó pa ọ̀yà méjì láàárọ̀ ti tà á tán kí oòrùn tó mú. Nítorí náà, ẹ̀tù dín kù, àwọn tó ń wá a sì pọ̀ sí i. Agolo tí à ń rà ní ṣílè méjì di ṣílè márùn-ún, ó di náírà kan, bí n kò bá gbàgbé. Bí mo bá ti yọ, Ìyá Rálíátù á ti máa mi orí. "Kì í ṣe èmi o. Bí wọ́n ṣe tà á fún mi ni."

Ọdẹ kan wà ní Ibafo tó ń jẹ́ Lámídì, aláwàdà ènìyàn. Òun ló ń kó ẹran fún àwọn ará àgọ́ náà. Ó gun alùpùpù rẹ̀ wá bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Ọ̀rẹ́, mo gbọ́ pé ẹ̀tù wà nílé yìí."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ta ni kò mọ̀ yín? Ẹ̀yin ará Mowe tí ẹ ń pa ẹ̀tù mọ́ bí ìyálé tó ń pa ẹran mọ́ fún ìyàwó. Iléyá ń bọ̀, ará àgọ́ ń pariwo ẹran sí mi létí. Ohun tí ìyá Ìfọ̀ ń gbà, n óò san án ní ìlọ́po méjì."

Kò mọ̀ pé ẹ̀tù ìsìnkú ni. Mo lè sọ pé òun ló tàn mí, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ní kó padà wá lọ́jọ́ kẹta, mo sì jókòó ro ó. Àgbẹ̀ ni mí kí n tó di ọdẹ. Lọ́dọọdún ni mo ń rí i pé bí gàrí bá wọ́n gógó, bí a bá ti wa ẹ̀gẹ́ tuntun, yóò sọ̀. Àgbàdo rí bẹ́ẹ̀, iṣu rí bẹ́ẹ̀. Mo wá ní, Bàbá ṣì le koko, ó ṣì ń gun ọ̀pẹ. Bí mo bá ta ẹ̀tù yìí nígbà tó wọ́n, tí mo sì rà á padà nígbà tó bá sọ̀, akèrègbè yóò kún bó ṣe wà, èrè ibẹ̀ yóò jẹ́ tèmi. N kò pè é ní olè. Mo pè é ní ọgbọ́n.

Ibi tí mo ti ṣìnà nìyẹn. Mo fi ẹ̀tù wé ẹ̀gẹ́. Ẹ̀tù kì í hù.

Lámídì padà wá, mo da ẹ̀tù fún un láti inú akèrègbè náà lójú rẹ̀, ó sanwó. Owó yẹn ni mo fi ra páànù tó wà lórí yàrá ẹ̀yìn, èyí tó ti dípẹtà tí ẹ ń wí pé kí a pààrọ̀. Lẹ́yìn tó lọ, mo lọ èédú kúnná, mo dà á sínú akèrègbè, mo fi ẹ̀tù díẹ̀ tí mo ṣẹ́ kù bò ó lójú. Dúdú ni àwọn méjèèjì. Ìdí tí mo fi bò ó lójú ni ọdún Ògún. Lọ́jọ́ ọdún, Bàbá a máa ṣí akèrègbè náà níwájú gbogbo ọdẹ, a fi ìka méjì mú díẹ̀, a sọ ọ́ sínú iná. Lọ́dún yẹn, iná gbà á, fùù, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tàn sí i lójú. Ó yíjú sí mi.

"Ó ṣì gbóná," ó ní. "O ṣeun, ọmọ mi. Ọlọ́run yóò fún ìwọ náà lẹ́ni tí yóò tọ́jú tìrẹ."

Gbogbo ọdẹ ṣe àṣẹ. Èmi náà ṣe àṣẹ.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń lọ sí Ìfọ̀ léraléra. Bí mo bá dé ibẹ̀, ẹ̀tù ti gbówó lórí sí i, débi pé àwọn ọdẹ fúnra wọn kò rí ìkarahun kan dà sínú akèrègbè mọ́. Bí mo bá ní kí n dúró di oṣù tó ń bọ̀, yóò tún gòkè. Ìyá Rálíátù a fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ará Mowe, o tún wá wo ojú ẹ̀tù. Ṣé o fẹ́ fẹ́ ẹ ni?" Mo ní bí ẹ̀rùn bá dé, ọ̀nà yóò gbẹ, ọkọ̀ yóò kó púpọ̀ wá. Mo gbàgbé pé ẹ̀rùn gan-an ni ọdẹ ń pọ̀ jù nínú igbó. Nígbà tó yá, iye tí mo fi ta gbogbo ẹ̀tù náà kò lè ra ìdajì rẹ̀ padà, mo sì ti ná an.

Nígbà òjò tó tẹ̀ lé e, Bàbá dùbúlẹ̀ àìsàn. Kò pẹ́ lórí ẹní. N kò lè búra pé ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn láyé nìyí, ṣùgbọ́n òun lèmi gbọ́ kẹ́yìn.

"Akèrègbè ńkọ́?"

"Ó wà nílé, Bàbá."

Ọ̀sán la sin ín. Àwọn ọdẹ wá láti Ibafo, láti Ọ̀fadà, àwọn kan ti Àgbàdo wá. Wọ́n sun ìrèmọ̀jé fún un tán, ọdẹ méje tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè, èmi ni mo sì ń da ẹ̀tù fún wọn, nítorí èmi ni olùtọ́jú rẹ̀. Àyè wà fún mi láti sọ̀rọ̀. Ó wà nígbà tí mo ń gbé akèrègbè náà bọ̀ láti ilé. Ó wà nígbà tí mo yọ ṣùkù àgbàdo kúrò lẹ́nu rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dà á.

Ẹ̀tù tó wà lókè ló kọ́kọ́ jáde. Ìbọn àkọ́kọ́ dún gbòlà, igbó dá a lóhùn. Ìyá Àgbà jókòó sórí àpótí ní ẹnu ọ̀nà, ó na ìka kan. Wọ́n fa ìkejì. Tà. Wọ́n fa ìkẹta. Tà. Ọmọdé kan rẹ́rìn-ín, ìyá rẹ̀ gbá a lẹ́nu. Wọ́n fa ìkẹrin, ìkarùn-ún, wọ́n fà á dé ìkeje, ohùn irin lásán ló ń jáde. Wọ́n dúró. Ìyá Àgbà kò ká ìka yẹn kò, kò sì na òmíràn. Ó ń dúró de ìkejì.

Ẹnìkan ní òjò ló ti wọ inú ẹ̀tù. Ẹlòmíràn ní Bàbá ló ń bínú sí ẹnìkan nínú wa. Ọdẹ àgbà kan láti Ọ̀fadà bu nínú akèrègbè sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Èédú nìyí. Lọ́dọ̀ ta lẹ ti rà á?"

Gbogbo wọn wò mí. Mo ní, "Lọ́dọ̀ Ìyá Rálíátù, ní Ìfọ̀."

Òótọ́ ni. Gbogbo ẹ̀tù tó wọ inú akèrègbè yẹn rí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ti rà á. Òótọ́ ni mo sọ, òun ni mo sì fi purọ́. Ọdẹ àgbà náà tu itọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Obìnrin yẹn ti ń lu èédú mọ́ ọn nígbà tó rí i pé ó wọ́n."

Lámídì wà níbẹ̀. Ó wo akèrègbè náà, ó wò mí, ó sì mọ̀. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, alùpùpù rẹ̀ kò tètè ṣí. Ó gbá a nípàá, ó ní, "Ìwọ náà ti di ẹ̀tù Ìfọ̀." Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, nítorí ẹ̀rín rọrùn fún wọn ju ohun tó wà nílẹ̀ lọ. Ó wò mí bó ṣe ń sọ ọ́. Mo rò pé ńṣe ló fẹ́ bò mí láṣìírí. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dé Ibafo lọ́jọ́ náà. Ó wọ rélùwéè ní Àgbàdo, ó dé Ìfọ̀ kí n tó dé ibẹ̀.

Ó tó oṣù mélòó kan kí n tó lè lọ. Mo ti pinnu pé n óò jẹ́wọ́ fún un. Nígbà tí mo dé ẹ̀gbẹ́ ojú irin, mo rí iyọ̀, mo rí ìṣáná. Àpótí kò sí lábẹ́ ìjókòó mọ́.

"Ìyá, ẹ̀tù dà?"

"Mi ò tà á mọ́, ọmọ mi. Ta ni yóò rà á?" Kò pè mí ní ọkọ mi. "Mo gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi òkú olórí ọdẹ yín. Mo ti ro ó títí. Mo máa ń dán an wò, ìwọ náà ń rí i. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà tí ara Rálíátù kò yá, mò ń kánjú lọ sílé. Bóyá mi ò dán tọjọ́ yẹn wò. Bóyá òun ni."

Ó ń wá ẹ̀bi tí kò ní. Mo ya ẹnu. Kí ọ̀rọ̀ tó jáde, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti fa agolo kan jáde lẹ́yìn àpò iyọ̀. Ó bu díẹ̀ nínú rẹ̀ sórí òkúta pẹlẹbẹ yẹn, ó fi ẹ̀yinná kàn án. Fùù.

"Nù ún wò."

Mo fi ìka nù ún. Ìka mi mọ́.

"Ohun tó kù lọ́wọ́ mi nìyí. Kò ju ti ìbọn kan lọ. Lọ yìn ín fún bàbá yẹn, kí o sì bá mi bẹ̀ ẹ́. Mi ò ní gba owó."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀, lójú àwọn èrò rélùwéè. Ó ní, "Dìde, dìde, kò tó ọpẹ́." Ọpẹ́ ló pè é. Mo dìde, mo gba agolo náà, mo lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, èmi nìkan lọ sídìí sàréè Bàbá. Mo ki gbogbo ẹ̀tù náà, mo kọjú ìbọn sókè, mo yìn ín. Gbòlà. Igbó dá a lóhùn. Èéfín ṣì wà lójú mi nígbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀. Wọ́n ń sáré bọ̀ láti oko ẹ̀gẹ́, láti odò, pẹ̀lú ọ̀bẹ àti agbọ̀n, inú wọn ń dùn. N kò ronú nípa rẹ̀ rárá. Ẹyọ ìró kan lọ́sàn-án.

"Ọdẹ, ẹ kú oríire o. Ẹran dà?"

Wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n wo inú igbó. Ìyá Àgbà ló dé kẹ́yìn, ó gbé àwo amọ̀ rẹ̀ dání. Gbogbo wọn ń mí gùlegùle, wọ́n ń retí.

Mo ní, "Mo tàsé."

Ẹnìkan ní, "Ọdẹ tó ń tàsé lẹ́yìnkùlé." Wọ́n fi mí ṣẹ̀rín díẹ̀, wọ́n padà sí oko wọn. Ìyá Àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ìbọn ọwọ́ mi, ó wo sàréè ọkọ rẹ̀. Ó gbé àwo sí abẹ́ apá, ó na ìka kan, ó sì na ìkejì tì í.

"Ó ku márùn-ún," ó ní. Ó yípadà, ó lọ sílé.

Kò bi mí ní nǹkan kan títí ó fi kú. Ìyá Rálíátù náà ti kú, ó sì kú láìmọ̀ pé kò jẹ̀bi. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ti ju ogún ọdún lọ. Òtítọ́ kò sì lè bá àwọn tó yẹ kó bá mọ́, ẹ̀yin nìkan ló bá nílé.

Ẹ lọ tún jẹnẹrétọ̀ yẹn yẹ̀ wò. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé plọ́ọ̀gì rẹ̀ ló dọ̀tí. Ṣùgbọ́n ẹ má pè é ní ẹ̀tù Ìfọ̀ mọ́. Èmi ni mo fi ìka mi nu òkúta náà. Kò fi eérú sílẹ̀.